Àwòrán Onílà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Bí ènìyàn bá dúró ní òkèèrè tí ó ń wo adé ìlẹ̀kẹ̀ tí ọba dé sórí, yóò rí ojú, imú àti ẹnu tí oníṣẹ́-ọnà fi sí ara rẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n bí ó bá lè sún mọ́ ọn títí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan adé náà, ojú àti imú yóò pòórá. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ nìkan ni yóò kù, pupa ní ẹ̀gbẹ́ funfun, funfun ní ẹ̀gbẹ́ dúdú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán inú kọ̀ǹpútà ti rí. Ojú kọ̀ǹpútà kún fún ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí wọ́n tò ní ìlà-ìlà, fọ́tò tí kámẹ́rà yà kò sì ju àkọsílẹ̀ lọ, èyí tí ó sọ àwọ̀ tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní. Orúkọ tí ó bá irú àwòrán bẹ́ẹ̀ mu ni àwòrán ẹlẹ́yọ.

Irú kejì wà tí kò fi ìlẹ̀kẹ̀ jọ rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ fa òbìrìkìtì sórí ilẹ̀ kò nílò ju èèkàn kan àti okùn kan lọ. Yóò kan èèkàn mọ́lẹ̀ níbi tí àárín yóò wà, yóò so okùn mọ́ ọn, yóò so igi ṣóńṣó mọ́ etí okùn kejì, yóò sì rìn yípo. Bí ó bá fẹ́ kí òbìrìkìtì náà tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá, okùn nìkan ni yóò fà gùn, ìlà náà yóò sì mọ́ gaara bí ti àkọ́kọ́. Irú ìtọ́ni bẹ́ẹ̀, pé àárín nìyí, gígùn okùn nìyí, ni kọ̀ǹpútà ń pa mọ́ nígbà tí ó bá pa àwòrán onílà mọ́. Kì í ṣe àwòrán fúnra rẹ̀ ni ó wà nínú fáìlì náà, bí kò ṣe ọ̀nà tí wọn ó gbà yà á. Ẹ̀rọ tí ó bá sì fẹ́ fi í hàn ni yóò yà á lọ́tun, ní ìwọ̀n tí ó bá ojú ẹ̀rọ náà mu.

Ẹ jẹ́ kí a fi àsíá orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí Táíwò Akínkùnmí yà ní 1959 tí wọ́n sì ta sókè ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 1960. Bí wọ́n bá pa á mọ́ gẹ́gẹ́ bí àwòrán ẹlẹ́yọ tí ó fẹ̀ ní ẹyọ 1,200 tí ó sì ga ní ẹyọ 600, ẹyọ 720,000 ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ àwọ̀ wọn. Lóòótọ́, ọgbọ́n wà tí wọ́n fi ń dín irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kù, pàápàá nígbà tí ẹyọ tí ó jọra bá pọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ẹyọ náà ni wọ́n jẹ́. Ní ọ̀nà ti onílà, àṣẹ méjì péré ni: onígun mẹ́rin kan tí ó ní àwọ̀ ewé tí ó gba gbogbo ojú àsíá, àti onígun mẹ́rin funfun kan tí ó bo ìdá kan nínú mẹ́ta ní àárín. Ìbáà jẹ́ orí òǹtẹ̀ lẹ́tà ni wọn ó tẹ̀ ẹ́ sí, ìbáà jẹ́ ara ògiri ilé alájà mẹ́wàá, àṣẹ náà kò yí padà.

Ìlà inú àsíá tọ́, nítorí náà kò fi gbogbo ìyàtọ̀ náà hàn. Ara ìlà tí ó tẹ̀ ni ó ti ń hàn jù. Bí wọ́n bá fi ẹyọ ya lẹ́tà ọ tí wọ́n sì sọ ọ́ di ńlá, etí rẹ̀ yóò di gbágungbàgun bí àkàsọ̀, àmì abẹ́ rẹ̀ yóò sì di ègé bíríkì. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń ya ìlà títẹ̀ láìlo ẹyọ ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ilẹ̀ Faransé wá, nítorí pé ara mọ́tò kún fún ìlà títẹ̀. Paul de Casteljau ní Citroën rí ọ̀nà náà ní 1959. Pierre Bézier ní Renault rí i fúnra tirẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Citroën fi tirẹ̀ pamọ́, Bézier kéde tirẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ orúkọ Bézier ni aráyé fi ń pe ìlà náà títí di òní. Àmì mẹ́rin ni wọ́n fi ń yà á lọ́pọ̀ ìgbà: àmì ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, àmì ibi tí ó parí sí, àti àmì méjì mìíràn tí ìlà kì í sábà kàn, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fà á sọ́dọ̀ bí ìgbà tí ọwọ́ bá ń tẹ igi ọrun. Lẹ́tà tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ lónìí, irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni.

Èyí kò sọ pé àwòrán onílà dára ju ẹlẹ́yọ lọ nínú ohun gbogbo. Ta ni yóò fi àṣẹ kọ bí irun orí ọmọdé ti rí, tàbí bí òjìji ewé ti ń ṣubú sórí omi? Kámẹ́rà ni ó ni fọ́tò, ẹyọ ni ó sì yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n máàpù, àmì ilé iṣẹ́, àwòrán ìṣirò, àwòrán ẹ̀yà ara ewéko inú ìwé ẹ̀kọ́ àti àwòrán tí ó fi iye nǹkan wé ara wọn, ti àwòrán onílà ni gbogbo wọn.

Àwọn onímọ̀ ti mọ èyí tipẹ́. Ní 1963, Ivan Sutherland ní MIT, ní Amẹ́ríkà, fi ètò kan hàn tí ó pè ní Sketchpad, tí ènìyàn lè fi kálámù oníná fa ìlà sójú ẹ̀rọ. Ní 1984, ilé iṣẹ́ Adobe gbé PostScript jáde, èyí tí ó fi àṣẹ onílà sọ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ohun tí yóò tẹ̀. Nítorí náà, orí ìwé títẹ̀ ti gba àwòrán onílà kí ìtàkùn àgbáyé tó dé. Ìtàkùn náà, tí Tim Berners-Lee gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ ní 1989 ní CERN nítòsí ìlú Geneva, ọ̀rọ̀ kíkọ ni ó kọ́kọ́ ká lára. Láti kà á, ènìyàn nílò ètò kọ̀ǹpútà tí ń bá a wá ojú ìwé kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ aṣàwákiri. Chrome, Firefox àti Safari wà lára irú rẹ̀ tí ó wà lóde òní. Ní 1993, aṣàwákiri Mosaic, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Illinois, mú kí àwòrán lè wà láàárín ọ̀rọ̀ lójú ìwé kan náà. Ẹlẹ́yọ ni gbogbo àwòrán tí ó gbà. Máàpù di ẹyọ, àmì ilé iṣẹ́ di ẹyọ, kódà ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ lẹ́wà di ẹyọ, gbogbo wọn sì ń gba wáyà tẹlifóònù tí kò yá wọlé bí ìgbín tí ń gun igi.

Ní 1998 ni ọ̀ràn náà bọ́ sójú agbo. Àjọ W3C, tí Berners-Lee dá sílẹ̀ ní 1994 láti máa ṣe ìlànà fún ìtàkùn, gba àbá méjì láàárín oṣù méjì. Ní oṣù kẹrin, Adobe, IBM, Netscape àti Sun gbé ìlànà kan wá tí wọ́n pè ní PGML, tí ó fara jọ PostScript. Ní oṣù karùn-ún, Microsoft, Macromedia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé tiwọn dé, VML. Bí ọba méjì kì í tií gbé inú ààfin kan, bẹ́ẹ̀ ni ìlànà méjì kò lè wà fún iṣẹ́ kan náà láìdá wàhálà sílẹ̀. Àjọ náà kò fi ẹnìkan ṣe ẹni tí ó borí. Wọ́n kó àwọn onímọ̀ jọ láti ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n fi Chris Lilley ṣe alága wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n ṣe ẹyọ kan tí gbogbo ayé yóò lò. Ọdún mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án 2001, SVG di ìlànà tí àjọ náà fọwọ́ sí.

SVG kì í ṣe ohun awo. Ọ̀rọ̀ kíkọ lásán ni fáìlì rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ètò ìkọ̀wé ṣí i yóò kà á. Bí òbìrìkìtì bá wà nínú àwòrán náà, yóò rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ circle; lẹ́yìn rẹ̀ yóò rí nọ́ńbà tí ó sọ ibi tí àárín wà, bíi 50 láti apá òsì àti 50 láti òkè; yóò rí nọ́ńbà tí ó dúró fún gígùn okùn, bíi 40; yóò sì rí orúkọ àwọ̀. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò láàmú: láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kà á, kì í ṣe láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè bí ti inú ìwé ìṣirò. Àwọn nọ́ńbà náà kì í ṣe ínǹṣì, kò sì pọn dandan kí wọ́n jẹ́ iye ẹyọ. Ìwọ̀n lásán ni wọ́n, aṣàwákiri ni yóò sọ wọ́n di ńlá tàbí kékeré.

Ṣùgbọ́n ìwé ìlànà kò lè ya àwòrán. Aṣàwákiri ni ó ń yà á, bí aṣàwákiri kan kò bá sì mọ àṣẹ náà, àlàfo ni ẹni tí ń lò ó yóò rí níbi tí ó yẹ kí máàpù wà. Ní ìgbà náà, Internet Explorer ti Microsoft ni ó gba ọjà kan. Ní nǹkan bí 2003, ó ju ẹni mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá tí ń fi í wo ojú ìwé. Ó mọ VML láti 1999. Kò mọ SVG. Ẹ̀dà kẹfà rẹ̀ jáde ní 2001, kò mọ̀ ọ́n. Odindi ọdún márùn-ún kọjá kí ẹ̀dà keje tó dé ní 2006, kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀dà kẹjọ dé ní 2009, ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n ṣì wà. Olùkọ́ tí ó ya àwòrán ẹ̀kọ́ ní SVG ní àwọn ọdún wọ̀nyí, fún ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó yà á.

Kì í ṣe pé ọ̀nà àbùjá kò sí. Adobe ṣe ètò kékeré kan tí ènìyàn lè fi kún Internet Explorer kí ó lè rí SVG. Àbùkù irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni pé òǹkàwé ni yóò lọ wá a, yóò gbà á wọlé, yóò sì tò ó sínú ẹ̀rọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀ nítorí àwòrán kan. Flash ti Macromedia náà ń ya àwòrán onílà, àwòrán tí ń rìn pàápàá, ó sì wà nínú kọ̀ǹpútà púpọ̀; ṣùgbọ́n ohun ìní ilé iṣẹ́ kan ni, kì í ṣe ìlànà tí gbogbo ènìyàn jọ ni. Nígbà tí ó sì di òpin 2005, Adobe ra Macromedia. Ẹni tí ó ti ń gbé SVG lárugẹ wá di ẹni tí ó ni Flash. Kò yani lẹ́nu pé nígbà tí 2009 bẹ̀rẹ̀, Adobe ti jọ̀wọ́ ètò kékeré náà. Flash fúnra rẹ̀ kò pẹ́ títí: wọ́n fi òpin sí i ní ọjọ́ ìkẹyìn 2020, àìmọye eré àti ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ṣe ni kò sì ṣí mọ́ nínú aṣàwákiri.

Àwọn aṣàwákiri tí kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ràn. Konqueror bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Opera tẹ̀ lé e ní oṣù kẹrin 2005, ó mọ apá kékeré tí wọ́n ṣe fún fóònù. Firefox mọ apá tí ó tóbi ju ti Opera lọ ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Safari kò gbẹ́yìn, nígbà tí Chrome sì jáde ní 2008, ó ti mọ SVG láti inú oyún wá.

Láàárín ìgbà yìí, iṣẹ́ ìlọ́po méjì ni àwọn tí ń ṣe ojú ìwé ń ṣe. Ní 2008, Dmitry Baranovskiy gbé ètò Raphaël jáde, tí ó ń wo aṣàwákiri tí àlejò mú wá: bí ó bá mọ SVG, yóò fún un ní SVG; bí ó bá jẹ́ Internet Explorer, yóò tún àṣẹ kan náà sọ ní VML. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ta ni ì bá ti nílò ògbufọ̀ bí gbogbo ilé bá ń sọ èdè kan náà?

Ìyípadà dé láti apá méjì. Ní oṣù kìn-ín-ní 2010, Microsoft dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tí ń kọ SVG. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta 2011, ẹ̀dà kẹsàn-án Internet Explorer jáde, ó sì mọ SVG. Ó jẹ́ ọdún kẹwàá tí ìlànà náà ti wà. Síbẹ̀ ẹ̀dà kẹsàn-án náà kò lè ṣiṣẹ́ lórí Windows XP, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń lò, nítorí náà ọdún díẹ̀ sí i tún kọjá kí ẹni tí ń ṣe ojú ìwé tó lè fi ọkàn balẹ̀. Apá kejì ni ti fóònù. Ojú fóònù iPhone tí ó wà ṣáájú 2010 ní ẹyọ 480 ní gígùn àti 320 ní ìbú; ti ọdún 2010 ní 960 àti 640, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ kò sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àyè tí ẹyọ kan gbà tẹ́lẹ̀ di ti ẹyọ mẹ́rin. Àwòrán ẹlẹ́yọ tí ó mọ́ gaara ní àná wá di bàìbàì ní ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà tí ó ń dán, ó sì hàn sí gbogbo ojú pé kò ní tán síbẹ̀, pé ojú ẹ̀rọ mìíràn tí ẹyọ rẹ̀ yóò pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ń bọ̀. Ohun tí àríyànjiyàn ọdún mẹ́wàá kò lè ṣe, fóònù ràn án lọ́wọ́ láti ṣe é.

Ó yẹ kí a mọ̀ pẹ̀lú pé mímọ SVG ju ohun kan lọ. Ènìyàn lè gbé àwòrán náà sójú ìwé bí ìgbà tí ó gbé fọ́tò sí i, ó sì lè kọ àwọn àṣẹ rẹ̀ mọ́ àárín ọ̀rọ̀ ojú ìwé náà tààrà. Firefox tí ó ti ń ya SVG láti 2005 kò gbà á ní ọ̀nà ti fọ́tò títí di ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ ní 2011. Nítorí náà, bí aṣàwákiri kan bá sọ pé òun mọ SVG, ìbéèrè tí ó kàn ni pé: èwo nínú rẹ̀?

Èrè ibẹ̀ kò mọ sí pé etí ìlà mọ́. Ọ̀rọ̀ inú àwòrán onílà lè wà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀. Bí orúkọ ìlú Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú bá wà lórí máàpù ẹlẹ́yọ, ẹyọ àwọ̀ ni wọ́n lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá wá wọn kò ní rí wọn, ètò tí ń ka ojú ìwé sétí afọ́jú kò sì ní mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Nínú SVG, wọ́n lè wà bí a ti kọ wọ́n, pẹ̀lú àmì orí àti àmì abẹ́ wọn. Ẹni tí ó bá sì rí máàpù tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, bíi ti ibi àkójọ Wikimedia Commons tí wọ́n fún gbogbo ayé láyè láti lò, lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá láìtún odò kan tàbí ààlà kan yà. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò lówó láti gba ayàwòrán lè ti ipa báyìí ní máàpù tirẹ̀.

Ewu kan wà ńkọ́? Ó wà. Nítorí pé àṣẹ ni SVG, wọ́n lè fi àṣẹ mìíràn pamọ́ sínú rẹ̀, àṣẹ tí kì í ṣe ti yíyà, tí yóò máa ṣiṣẹ́ ibi nínú aṣàwákiri ẹni tí ó ṣí i. Àwọn tí ó kọ ìlànà náà fẹ́ kí àwòrán lè rìn kí ó sì dá ènìyàn lóhùn, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ṣí fún èyí ni olè náà ń gbà. Bí wọ́n bá gbé e sójú ìwé ní ọ̀nà ti fọ́tò, aṣàwákiri kì í jẹ́ kí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ojú ìwé tí ń gba àwòrán lọ́wọ́ àlejò kì í gba SVG rárá. Wikimedia gbà á, ṣùgbọ́n ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì fi ń sọ ọ́ di àwòrán ẹlẹ́yọ kí ó tó fi í ránṣẹ́ sí òǹkàwé.

Ẹ̀dà kejì SVG wọ ipò àbá tí wọ́n ń dán wò ní 2016, wọ́n sì tún un gbé jáde ní ipò kan náà ní oṣù kẹwàá 2018. Òfin W3C ni pé kí ohun kan tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ìlànà, ó yẹ kí ó hàn pé àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ti mú un ṣẹ. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ sínú ẹ̀dà kejì náà ni ọ̀nà láti mú kí àwọ̀ púpọ̀ wọ inú ara wọn díẹ̀díẹ̀ láti ìhà gbogbo, bí ara máńgòrò tí ń pọ́n. Aṣàwákiri kan kò gbà á, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Inkscape, ètò ìyàwòrán tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá fi í kun máńgòrò rẹ̀ yóò rí i bí ó ti dára tó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbé e sórí ìtàkùn, yóò ní láti wá ètò mìíràn tí yóò ràn án lọ́wọ́, tàbí kí ó sọ máńgòrò náà di àwòrán ẹlẹ́yọ.